Ìpara Tó Bó Ẹ̀gbọ́n Mi Lójú

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣakí, kò sí ilé tí ẹ máa wọ̀ ní ìgbà ọyẹ́ tí òórùn òrí kò ní kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Òrí ni kì í jẹ́ kí awọ wa sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Àdí là ń fi pa ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná. Osùn ní tirẹ̀, ìyàwó tuntun ló ń fi í para kó lè máa dán, bó bá sì wẹ̀ ẹ́, á ṣàn dànù. Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń bá àwọ̀ èèyàn jà.

Obìnrin kan wà ní agboolé wa tó ń ta ìpara inú ike. Ó pupa fòò, àmọ́ oríkèé ìka rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dúdú ní tirẹ̀, ó ń dán, a sì ti ń múra ìgbéyàwó rẹ̀. Bó bá ti ń kọjá ni obìnrin yìí á pè é: "Ìyàwó dúdú bí èédú! Ṣé ọwọ́ ni ọkọ ẹ á máa fi wá ẹ lóru ni?" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi gba ike kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi para.

Lákọ̀ọ́kọ́, ojú rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni oòrùn Òkè-Ògùn mú un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó, ó ń ṣomi, ibi tó bá sì jinná á dúdú kọjá ti tẹ́lẹ̀. Ẹbí ọkọ wá wò ó. Ìyá ọkọ bi wá pé, "Àrùn wo rèé?" Wọn ò padà wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá mi lọ bá obìnrin náà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, obìnrin náà sì dá a lóhùn pé, "Awọ ọmọ yín ni kò dáa." Ìyá mi padà wálé. Ó gbé ike náà pa mọ́ sínú àpótí aṣọ.

Ìyá mi ló ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun ní agboolé wa, wọn kì í gbé ọmọ lọ síbòmíràn. Nígbà tí ọmọ olùtajà yìí wá bímọ, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá. Àwọn ìyàwó ilé pé jọ. Ìyá mi na ẹsẹ̀, ó fi ọṣẹ dúdú wẹ ọmọ náà, ó nù ún. Wọ́n na igbá òrí sí i.

"Ẹ gbé òrí yẹn kúrò," ló wí. "Ẹ bá mi mú ike tó wà nínú àpótí mi wá."

Wọ́n mú un wá. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó gbé e lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Olùtajà fò dìde.

"Ẹ má fi kan ọmọ mi o! Á bó o lára!"

Ìyá mi dá ìka rẹ̀ dúró.

"Kí lo wí?" ni ìyá mi bi í. "Tún un wí, kí gbogbo ilé gbọ́."

"Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Àbí awọ ọmọ tìrẹ náà ni kò dáa?"

Ìyàwó ilé kan pàtẹ́wọ́: "Háà! Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́!"

Ìyá mi nu ìka rẹ̀ sí etí ìró obìnrin náà, ó wá fi òrí pa ọmọ náà dáadáa, nítorí ọmọ kò ṣẹ̀ wá. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ra ìpara lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá jáde, àwọn ọmọdé á máa pariwo tẹ̀ lé e: "Á bó o lára!" Kò pẹ́ tó fi kó lọ sí Kíṣí. Inú mi dùn. Inú mi ṣì ń dùn. Àwọn kan ní kí n dárí jì í, àmọ́ ojú ẹ̀gbọ́n mi kò padà bọ̀ sípò títí tó fi kú.

Iṣẹ́ ìròyìn tí mo wá ṣe nígbà tí mo dàgbà ló jẹ́ kí n mọ orúkọ ohun tó ń wà nínú irú ike bẹ́ẹ̀. Mákúrì kì í jẹ́ kí awọ ṣe dúdú rẹ̀, á sì tún wọnú ara lọ ba kíndìnrín jẹ́. Haidirokuinóònù náà ń lé dúdú lọ, bó bá sì pẹ́ lára, á sọ ojú di bí ibi tí iná jó. Sítẹ́rọ́ìdì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọgbẹ́ kì í sì í tètè jinná. Òrí kò lè sọ yín di pupa. Awọ tí ẹ gbé wáyé ló ń tọ́jú.

Ayé ti yí. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ba ojú ọmọ yín jẹ́, agboolé kan náà lẹ jọ ń gbé, ọmọ rẹ̀ á sì bímọ lójú yín. Lónìí, orí fóònù ni ọmọ-ọmọ mi ti ra ìpara àpòpọ̀, lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ju fọ́tò lọ. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀." Mo ní kó pe olùtajà náà. Nọ́ńbà kò lọ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ta ni kí n wá lọ dúró sí?