Ẹ̀jẹ̀ Kò Dárúkọ Orogún

Kí ara tó máa yún Adjaratou ni ọkàn ti ń yún un. Àtìgbà tí Mamoudou, ọkọ rẹ̀ tó ń pè ní Bàbá Fataou, ti gbé Haniyyah wọlé ní Manigri ni. Bí ìyàwó kékeré bá rẹ́rìn-ín lẹ́nu ààrò, Adjaratou tó ń bó iṣu èlùbọ́ lábẹ́ igi kajú á gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, á dẹtí. Kí ni Bàbá Fataou wí fún un tí kò wí fóun rí?

Nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wá ń yún un, tí kò sí èélá, tí òrí kò ràn án, kò wádìí jìnnà. Wèrèpè ni! Ta ló ń ká aṣọ òun lórí okùn bí kò ṣe Haniyyah? Ó pariwo ẹ̀ kiri agboolé.

"Ṣé wèrèpè náà ló sọ ẹyinjú rẹ di àwọ̀ ìyeyè bí èso kajú?" ni Mamoudou bi í. "Múra, ilé ìwòsàn Bassila yá."

Inú Adjaratou dùn. Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́. Tí wọ́n bá fà á, á dárúkọ ọ̀dájú yẹn, Mamoudou á sì kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó jókòó lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ lórí alùpùpù, ó gbá a mú dáadáa, kí Haniyyah lè rí i.

Dókítà, ọmọ Ṣábẹ̀ kan, yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ní òróòro tó yẹ kó máa ṣàn láti inú ẹ̀dọ̀ lọ sínú ìfun ló há, tó ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń yún un. Ohun tó dí i ló kù tí wọ́n ń wá. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ ni àbí? Ẹ̀jẹ̀ ní rárá. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, kò sí òkúta. Kò mu àgbo kankan. Ni wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí Kútọnu.

Ọjọ́ tí èsì dé, ara Adjaratou kò gbà á láti dúró.

"Dókítà, ta ló dárúkọ?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣọ́ ara yín ló ṣi ọ̀tá mú, tí wọ́n ń ba ọ̀nà òróòro jẹ́. Ara yín ló ń bá ara yín jà."

"Haniyyah ńkọ́?"

"Haniyyah? Kòkòrò wo nìyẹn?"

Mamoudou rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Adjaratou kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́ kí ẹ̀dọ̀ má bàa bàjẹ́ sí i.

Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù tán tí Mamoudou ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ará ilé tán. Haniyyah jáde, aṣọ léjìká, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Ìyálé mi, ẹ káàbọ̀ o. Aṣọ yín ti gbẹ. Wèrèpè tó kù nílé ni mo bù sí i, ẹ má bínú, kò pọ̀."

Adjaratou wò ó. Àrùn dùn ún, ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù ni pé kò rí ẹ̀ṣẹ̀ tó máa fi lé e. Ó gba aṣọ náà, ó ró o mọ́dìí níbẹ̀.

"Lọ bu omi wá kí n lo oògùn." Mamoudou gbéra láti tẹ̀lé Haniyyah. "Ìwọ ni mo ní kó lọ o! Bàbá Fataou, ẹ jókòó síbí, níbi tí mo ti ń rí yín."