Ìpè Mẹ́ta Suara

Ẹ̀yin ará Agége, ẹ yé pe olóògbé Suara ní adití! Etí ẹ̀ pé. Ọjọ́ tí ilé ìdáná wọn jó gan-an, ó gbọ́.

Ó ń mu gààrí ní pálọ̀, ẹ̀rọ ata ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Sùlíyá ìyàwó ẹ̀ figbe ta lẹ́yìnkùlé: "Bàbá Gàfárù, iná!" Ó bu gààrí sẹ́nu. "Bàbá Gàfárù, iná o!" Ó tún bù. Ìgbà kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fò dìde. Páànù ti já lulẹ̀!

"Háà! Ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́ láti àkọ́kọ́. Mi ò tíì gbà á gbọ́ ni."

Iṣẹ́ ló fà á. Nílé iṣẹ́ bisikíìtì kan n'Íkẹjà, òun ló jókòó ti tẹ́lẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ tó bá wá láti Kánò sórí bébà. Tí àwọn wẹ́dà ẹ̀yìn ògiri bá ti ń jó irin, iná wọn á da ẹ̀rọ náà láàmú, ìsọkúsọ ló máa tẹ̀. Ó gba irú ẹ̀ gbọ́ rí. Odidi tírélà bisikíìtì gbéra lọ Kánò, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀! Látìgbà yẹn, Kánò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kó bára mu, kó tó gbà. Ó gbé òfin yìí wálé.

Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn wẹ́dà náà, wá wo ilé tó jó, ó bi í: "Bọ̀dá, kéèyàn pe ariwo ní ọ̀rọ̀, àbí kó pe ọ̀rọ̀ ní ariwo, èwo ló burú jù?"

Suara wo ilé ìdáná. "Ó dọwọ́ ohun tó ń jó."

Ló bá ṣòfin tuntun: tó bá ti jẹ́ iná, ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Sùlíyá náà ò jáfara. Tó bá fẹ́ kó bá òun sọ garawa omi, á kàn ké "Iná!" Suara á já dé, tòun ti yanrìn lọ́wọ́.

Ètò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, sójà wà lórí oyè, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Reuben ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní: "Suara, a ti dá ẹ dúró. Máa lọlé."

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ṣì sọ ọ́."

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Suara ń nu tẹ́lẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dìde, ó dúpẹ́. Kí ojú má bàa ti Reuben, ó lọ ń sọ fáyé pé etí Suara ti di. Ẹ gbà mí! Ibẹ̀ lorúkọ burúkú yẹn ti jáde, ẹ̀yin náà sì gbé e!

Láàárọ̀ Jímọ̀ tí Suara kú, àwọn obìnrin ti fẹ́ bú sẹ́kún. Sùlíyá nawọ́ sí wọn: "Ẹ dúró ná. Mi ò tíì pè é pé."

"Bàbá Gàfárù."

"Bàbá Gàfárù." Wọ́n ti pa ẹ̀rọ ata gan-an.

Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá tẹ̀ba sétí ẹ̀, ó rọra sọ ọ́: "Iná o."

Kò dìde. Ìgbà yẹn la tó gbà á gbọ́.