Tun Goro àti Òkun Apá Méjì

Ní abúlé wa ní Songsong, a kì í bi apẹja pé níbo ló ń lọ. Ẹni tó bá bi í ti ba ọjọ́ jẹ́ fún un nìyẹn. Ilé ni yóò yí padà sí, yóò sì máa fi ojú burúkú wo onítọ̀hún títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdí nìyẹn tí Tun Goro, ọ̀gá àwọn tó ń da àwọ̀n, fi máa ń ki àwọ̀n rẹ̀ bọ inú àpò ìrẹsì, tí á gba ọ̀nà oko lọ bí ẹni tó fẹ́ lọ wa kókò, kó tó gba ẹ̀yìn ilé onílé yọ sí òkun tó bá wù ú. Òkun méjì la ní, Sasanhaya lọ́tùn-ún ìlú, Sasanlagu lósì. Èwo ló lọ? Ìwọ sáà gbé omi kaná de ẹja.

Ilé kejì sí tiwọn ni mò ń gbé. Tan là ń pe àgbà obìnrin, bí a ṣe ń pe àgbà ọkùnrin ní Tun. Ẹnu Tan Isidra, ìyàwó rẹ̀, mú bí abẹ, kò sì sí ohun tí kò lè bi èèyàn. Àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò bi ọkọ rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn rí. Bí ọkùnrin náà bá ti ń gbé àpò, ẹ̀yìn ló máa kọ sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, oòrùn ràn dáadáa, ewé àgbọn kò mì. Rédíò wá ń pariwo pé ìjì líle kan wà lójú agbami lọ́hùn-ún, pé kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ etí òkun nítorí ìgbì.

"Ìjì wo?" Tan Isidra bi mí láti ẹ̀yìn ọgbà. "Ṣé ìwọ rí ìjì ni?"

"Èmi ò rí nǹkan kan o, Tan. Aṣọ tí mo sá gan-an ò mì."

"Orí àwọn ará rédíò yìí ti dàrú. Oorun ló ń kùn wọ́n."

Kò pẹ́ la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ: gbì, gbì, láti apá Sasanlagu, tí ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo sáré lọ wo Sasanhaya, ó tẹ́ rere bí omi inú àwo. Ọ̀rọ̀ náà dà rú mọ́ mi lójú. Kò sí òjò, kò sí atẹ́gùn, níbo ni ìgbì ti wá? Nígbà tí mo padà dé, Tan Isidra ti ju gbẹ̀rẹ̀fútù tó ń bó sílẹ̀.

"Goro ti jáde láti àárọ̀," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń béèrè lọ́jọ́ yẹn la túbọ̀ ń ṣìnà. Ìyá oníbúrẹ́dì ní òun rí i tó kọjú sí Sasanhaya. Ọkùnrin tó ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì ní irọ́ ni, Sasanlagu ló lọ.

"Ìwọ tí o kì í rí ẹni tó wà níwájú rẹ!" ìyá oníbúrẹ́dì fèsì.

"Ojú mi ríran tó láti rí i pé búrẹ́dì rẹ jóná!"

Tan Isidra kò dúró gbọ́ ìyókù. Ibi tí omi ti ń bínú ló sáré gbà, àwa náà sì tẹ̀ lé e.

Ní Sasanlagu, ìgbì ga ju ilé lọ, ó ń fọ́ sórí àpáta, ó sì ń fa ohun gbogbo padà sínú ibú. Ẹnì kan nawọ́ sí sálúbàtà kan tó léfòó, aláwọ̀ búlúù. Tan Isidra figbe ta, "Ti Goro ni!" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ilé tí kò ní irú sálúbàtà yẹn ní Songsong. Leandro, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ panápaná, ti so okùn mọ́ ìbàdí láti wọ omi lọ wá a. Ó ń wo omi, ó ń wo àǹtí rẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun.

Ẹni tí ìwà rẹ̀ kò yé mi ni Tun Dimas, ìbátan Goro tó ní ọkọ̀ ojú omi. Kò wo òkun rárá. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Àfi ìgbà tí Leandro ti ẹsẹ̀ bọ omi.

"Má wọ ibẹ̀!" Dimas kígbe. "Mo bẹ̀ ọ́, má wọ ibẹ̀! Ẹ dúró dè mí!"

Ó kó sínú mọ́tò rẹ̀ tó gbé sójú títì, ó sáré lọ. Nígbà tó padà dé, Tun Goro ló sọ̀ kalẹ̀. Àwọ̀n rẹ̀ wà léjìká, ó gbẹ bí panla.

 Òun fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí náà.

"Ẹ̀rù òkun ń bà mí. Láti ọdún tó kọjá, tí ìgbì gbá mi mọ́ àpáta yìí. Ẹ̀yìn ilé Dimas ni mo máa ń lọ. Mò ń bá a tún àwọ̀n ṣe, ó ń fún mi lẹ́ja."

Tan Isidra fi ìkúùkù lù ú láyà, ó tún lù ú, ó wá di ẹ̀wù rẹ̀ mú, kò fi sílẹ̀ mọ́.

"Mo ti di opó láti àárọ̀! Ìwọ rò pé torí ẹja ni mo ṣe fẹ́ ọ?"

 Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún, mo bá ṣe méjèèjì.

Leandro ti jókòó sórí iyanrìn. Ó fẹ́ tú okùn náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè tú u. Tun Goro já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyàwó, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó sì bá a tú u.