Ìgbà Tí Omi Ń Sinmi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Igbemo, bí agogo ilé ìwé bá ti lù ní aago méjì ọ̀sán nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi wa á lọ sinmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́. Ìsun kan ṣoṣo ni àdúgbò wa ní, nísàlẹ̀ òkè, lẹ́yìn oko kòkó. Bí gbogbo ilé bá ti pọn tán láàárọ̀, ìwọ̀nba tó kù nínú rẹ̀ á di ẹrẹ̀. Ìyá àgbà kan tí àdúgbò fi ṣọ́ ọ á wá fi imọ̀ ọ̀pẹ dábùú ọ̀nà. Láti ìgbà yẹn títí oòrùn á fi rọlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki igbá bọ̀ ọ́. Ìránṣẹ́ ọba gan-an á dúró.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, àwa mẹ́ta la wà nílé: ìyá mi, àbúrò mi obìnrin tí kò tíì rìn, àti èmi. Bàbá mi wà lóko. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ó pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ara àbúrò mi gbóná bí ààrò. Ìyá mi fẹ́ fi omi tútù nù ún lára, àmọ́ ìkòkò omi wa ti là ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ilẹ̀ sì ti mu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó gbé kèrègbè lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sáré.

Ìyá àgbà jókòó sídìí imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kí i, mo sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

"Omi ń sinmi," ló wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Yèyé. Kèrègbè kan ni."

"Mo rí i pé kan ni. Bí mo bá gbà fún ọ, ta ló máa gbé ìkejì wá?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò wojú mi. Ó da ẹ̀gúsí sínú igbá, ó gba kèrègbè lọ́wọ́ mi, ó sì dìde. Mo rò pé ìsun ló ń lọ, àmọ́ ọ̀nà ilé ló kọjú sí. Nílé àkọ́kọ́ tá a dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n bu omi wá látinú ìkòkò wọn, ara ọmọ kan ń gbóná. A tún lọ sílé kejì, a lọ sí òmíràn. Ìyàwó ilé kan ń bu tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní:

"Yèyé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni omi, ẹ̀yin lẹ wá ń tọrọ omi?"

"Èmi kọ́ ni mo ni ín. Ri igbá yẹn wọlé dáadáa, kò sí ejò nínú ìkòkò rẹ."

Kèrègbè ti kún ká tó délé wa. Òórùn èéfín ilé ìdáná oríṣiríṣi ló wà nínú omi náà. Ìyá mi fi ń nu àbúrò mi títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Àbúrò mi náà ṣì wà láyé. Ìlú Ìyìn ló ń gbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí gbogbo wa jọ lọ pọn omi, ìsun ti kún padà, ó sì mọ́.

Òkè-Ìlá ni mò ń gbé báyìí, èmi nìkan, láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú. Gbogbo ilé tó yí mi ká ló ní kànga tirẹ̀ àti pọ́ǹpù tirẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń ṣèwádìí lórí omi abẹ́ ilẹ̀ wá láti yunifásítì. Ó sọ okùn ìwọ̀n sínú kànga mi, ó ní omi ń lọ sísàlẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Ó ní àpáta ló wà lábẹ́ wa, inú ibi tó sán lára àpáta ni omi díẹ̀ fara pamọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo kànga wa ti ń fà á. Ó fẹ́ kí gbogbo ilé pa pọ́ǹpù láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kóun lè mọ̀ bóyá omi náà ṣì ń gòkè padà, tàbí a ti ń fà á tán pátápátá.

Mo bá a dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò. Ọ̀kan ní, "Bàbá, aṣọ yín nìkan lẹ ń fọ̀. Èmi ní ọmọ nílé." Òmíràn ní bóun bá pa tòun, ẹni ẹ̀yìnkùlé ló máa fà á tán. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà èwe wa, ìṣojú gbogbo wa ni omi ti ń lọ sílẹ̀, ìṣojú gbogbo wa náà ló ti ń padà. Ní báyìí ó ti wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ. A ò rí i mọ́, oníkálukú sì rò pé èyí tó wà lábẹ́ ilé òun, tòun ni.

Mo pa pọ́ǹpù mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà; láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò sì tan án. Mo jókòó létí kànga, mò ń gbọ́ tàwọn tó kù bó ṣe ń kùn. Ọmọbìnrin náà dé, ó sọ okùn rẹ̀ sísàlẹ̀, ó ní omi ò gòkè rárá. Mo ní kó padà wá lọ́la, tèmi á ṣì wà ní pípa.