Ẹja Tí Yóò Bá Wa Jẹ Ìdọ̀tí

Ìyàwó mi ló ni ẹja náà. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gbé e wọlé nínú ọ̀rá, nígbà tí kò tíì ju àtàǹpàkò mi lọ. Ó ní tíṣà sáyẹ́ǹsì ni òun, kò yẹ kí òun máa ya ẹja sójú pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ láìní ẹyọ kan nílé. Káfíńtà ni èmi. Èmi ni mo kan tábìlì tí a gbé àpótí gíláàsì rẹ̀ lé nínú pálọ̀ wa ní Dutsen Kura, ní Minna. Igi tó lágbára ni mo fi kàn án, nítorí omi wúwo, ṣùgbọ́n mò ń kùn bí mo ṣe ń kàn án.

Kò pé ọdún méjì tí ẹja náà fi tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọ́síkà ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Ó dúdú bí èédú, àwọn àmì pupa wà lára rẹ̀ bí ẹyin iná, àmì róbótó kan sì wà ní ìdí ìrù rẹ̀ tó jọ ojú. Bó bá kẹ̀yìn sí ọ, á dà bíi pé ó ṣì ń wò ọ́. Ọ̀bùn ẹja ni. Bí a bá fún un lóúnjẹ, á rún un lẹ́nu, á tu ìdajì rẹ̀ dà sínú omi. Á tún máa fi ẹnu kó òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ omi kiri, á máa jù wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń sẹ́ omi náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú iná lọ fún ọjọ́ kan, omi á ti dà bí omi ògì. Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, ìyàwó mi á fi rọ́bà fa omi ìdọ̀tí jáde, á sì fa omi tuntun nínú kànga ẹ̀yìnkùlé. Garawa méjìlá. Èmi á jókòó, mà á máa gbọ́ rédíò.

Sátidé tó gbẹ̀yìn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé díẹ̀. Ó rẹ̀ mí lónìí, àyà mi ń lù."

Mi ò dìde. Mo tún sọ ohun tí mo ti ń sọ fún un láti bí oṣù mélòó kan: "Ṣé kò sí ẹja kan tó lè máa bá a jẹ ìdọ̀tí rẹ̀ ni? Mo gbọ́ pé ó wà. Lọ wá a rà, kí gbogbo wa sinmi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mò ń wá a, Dádì." Ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ Túsìdé, ó ṣubú níwájú kíláàsì. Kí wọ́n tó pè mí ní ṣọ́ọ̀bù, kí n tó dé ọsibítù, ó ti lọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Mo bi í léèrè nípa garawa omi. Kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ó ní, "Rárá, Baba. Kì í ṣe garawa." Mo gbọ́ ohun tó sọ. Títí di òní, mi ò tíì gbà á gbọ́ tán.

A sin ín sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa. Ọmọ wa kan ṣoṣo, obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Ìlọrin, bá mi dé Minna, ó lo ọ̀sẹ̀ kan, ó padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó lọ, mo sùn lọ nínú yàrá. Ohun tó jí mi ni kọ́, kọ́, kọ́ lára gíláàsì. Bí ìyàwó mi ti máa ń ṣe nìyẹn bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀: á fi èékánná kan gíláàsì kó tó fún ẹja lóúnjẹ. Mo pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì: "O ti dé?" Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí.

Ẹja ni. Ó ń gbé òkúta, ó ń fi í lu gíláàsì ní igun tí ìyàwó mi máa ń dúró sí. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, ní àkókò kan náà. Bí mo bá lọ da oúnjẹ sí i, kò ní jẹ ẹ́. Á fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi bí ẹni tó ń ṣàìsàn, ojú rẹ̀ á sì wà ní ẹnu ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kí aago méjì ààbọ̀ má bàa bá mi nílé. Díákónì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n tà á. Ẹlòmíràn ní kí n dín in jẹ, kí n sì sinmi. Ọmọ mi ló sunkún lórí fóònù: "Dádì, ẹ má jẹ́ kó kú. Ẹ jọ̀ọ́."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Garawa ìyàwó mi wà nínú bálùwẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀, rọ́bà tó fi ń fa omi sì ká sínú rẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Mo ní mà á wá ẹja tí mo ní kí ìyàwó mi lọ rà. Mo rò pé bí mo bá rí i, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Sátidé yẹn á di ìmọ̀ràn, kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ mọ́.

Ìgbín omi ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Mo ṣà wọ́n létí odò kékeré kan, bí ogún, mo dà wọ́n sínú àpótí gíláàsì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, karawun wọn tó ti fọ́ ló kù nísàlẹ̀ omi, ìdọ̀tí lórí ìdọ̀tí.

Lẹ́yìn náà mo lọ sí ọjà, mo rí òkókóníko wẹ́wẹ́ láàyè nínú báfù, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kurungu. Mo bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ń jẹ ìdọ̀tí. Ó ní, "Baba, yana cin komai," pé kò sí ohun tí kì í jẹ. Mo ra méjì. Èmi náà mọ̀ pé ẹja yìí ní ẹ̀gún léjìká, ó ti gún mi lọ́wọ́ rí lọ́mọdé, ṣùgbọ́n mi ò ronú dé ibẹ̀.

Mi ò tíì bo àpótí tí Ọ́síkà fi gbé ọ̀kan mì. Ẹja kékeré náà na ẹ̀gún rẹ̀, ó há sí i lọ́fun. Ọ́síkà la ẹnu, kò lè pa á dé. Ìrù kurungu yọ síta, ó sì ń yí po bí ẹni tó ń wá ọ̀nà. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi. Mo gbé e jáde sórí aṣọ ìnura tútù, mo mú pínsà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, mo gé ẹ̀gún náà lọ́tùn-ún, mo gé e lósì, mo sì fa ẹja kékeré náà jáde. Ẹ̀jẹ̀ dà sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo dá Ọ́síkà padà sínú omi, ó dùbúlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù. Mo ní, "Má bínú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á." Ẹja kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo dá kurungu kejì padà sí ọjà. Ọmọ mi wá sọ fún mi lórí fóònù pé lọ́wọ́ obìnrin kan ní Bosso, nítòsí yunifásítì, ni ìyá òun ti ra ẹja náà. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀.

Obìnrin náà á tó ọmọ ogójì ọdún, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Minna, ó wọ híjáàbù gígùn, ó ká apá rẹ̀ sókè. Hajiya ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kún fún ọpọ́n omi dúdú àti gíláàsì.

"Sannu da zuwa, Baba. Ẹ káàbọ̀."

Mo sọ ohun tí mò ń wá fún un. Mo fi ọwọ́ júwe bí ẹja wa ṣe tó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọ́síkà tó tó báyìí? Ilé kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ní irú rẹ̀. Ti Màmá Tíṣà, ní Dutsen Kura." Ó wo ojú mi dáadáa. "Àbí ẹ̀yin ni Dádì?"

Mo ní èmi ni.

"Haba! Màmá ńkọ́? Mi ò rí wọn láti ìgbà tí òjò ti dá. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mi ò mọ bí ó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ó wà."

"Alhamdulillahi." Inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wá síbí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí àwọn wá ẹja tí yóò máa jẹ ìdọ̀tí. Mo ní, Màmá, kò sí ẹja tó ń jẹ ìgbẹ́ ẹja. Èyí tó bá jẹ àjẹkù, òun náà á yàgbẹ́ tirẹ̀ lé e. Ọwọ́ ènìyàn ló ń tún omi ṣe."

"Kí ló wá sọ?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí mo bá pàdé yín láé, kí n má sọ fún yín o. Pé bí ẹ bá gbọ́ pé kò sí irú ẹja bẹ́ẹ̀, ẹ ó ní kí àwọn ta Ọ́síkà." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ dákun, ẹ má sọ fún wọn pé mo ti sọ."

Mo di ọpọ́n kan mú.

Ó mú mi yí ká. Ó fi àwọn wẹ́wẹ́ kan hàn mí, tí wọ́n nílà lára bí ẹkùn, tí wọ́n ń ṣa àjẹkù nísàlẹ̀ omi. "Àwọn wọ̀nyí mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti lè wọ ẹnu Ọ́síkà, oúnjẹ ni." Ó wá ṣí ọpọ́n tó wà ní kọ̀rọ̀. Ẹja kan lẹ̀ mọ́ ara ọpọ́n náà nínú, ó gùn tó ọwọ́ mi láti ìka dé ọrùn ọwọ́, ara rẹ̀ le bí ti ọ̀nì, ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n. "Èyí máa ń ha ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù lára gíláàsì jẹ. Kò lè bá yín mú ìgbẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n Ọ́síkà kò lè gbé e mì. Màmá ni mo ń tọ́ ọ fún. Mò ń dúró kó tóbi."

Ó ní kí n má wá èkejì kún un, pé bí wọ́n bá di méjì, wọ́n á máa jà. Kí n fi igi sínú omi kó lè rí ibi sá sí, kí n sì bọ́ Ọ́síkà yó kí n tó tú u sílẹ̀. Ó dì í sínú ọ̀rá.

"Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní mò ń retí wọn."

"Á gbọ́," ni mo wí.

Mo gbé ọ̀rá náà sáàárín ẹsẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo wọ pálọ̀, mo dúró bí àlejò. Mo ní, "Hajiya ní kí n kí ọ." Ojú ìrù ẹja ń wò mí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gíláàsì mọ́ débi pé mo ń rí ara mi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ omi burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí Hajiya ti wí. Ní àárọ̀ Sátidé, mo wọ bálùwẹ̀, mo gbé garawa. Ìgbà tí mo gbé ìkarùn-ún, mo ní láti jókòó. Ẹni tó ń gbé pákó ni mí o, àyà mi sì ń lù. Méje ṣì kù.

Mò ń da omi ìdọ̀tí sí ìdí ògiri ẹ̀yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ohùn lódìkejì: "Màmá?"

Obìnrin Hausa tí a jọ pín ògiri ni. Ó ti jáde pẹ̀lú báfù lọ́wọ́. Òun ló bá mi bọ́ ẹja nígbà tí a lọ sìnkú. Ó mọ̀ dájú pé ìyàwó mi ti kú. Ó rí mi, báfù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Subhanallahi. Ashe Baba ne," pé àṣé Baba ni. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé gbogbo Sátidé ni Màmá máa ń da omi yẹn fún òun láti orí ògiri, fún yakuwa, ẹ̀fọ́ tí òun gbìn, pé nígbà tí òun gbọ́ tí omi ń dà, ẹsẹ̀ òun ló gbé òun wá, òun kò tíì ronú. Mo ní kó gbé báfù súnmọ́ ògiri. A kò wo ojú ara wa.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Hajiya kò jẹ́ kí n sinmi. Lẹ́yìn oṣù kan, mo padà lọ sí Bosso. Ó tún bẹ̀rẹ̀: "Màmá ńkọ́?"

Mo ní, "Hajiya, irọ́ ni mo pa fún ọ. Ó ti kú. Ó ti kú kí n tó wá síbí rárá."

"Inna lillahi wa inna ilaihi raji'un." Ó yí garawa kan dé, ó jókòó lé e. Inú bí i nígbà tó sọ̀rọ̀. "Baba, mo ní kí ẹ bá mi kí wọn! Ẹ̀ ń wò mí, ẹ jẹ́ kí n máa kí wọn! Kí ló dé?"

Mo ní, "Gbogbo ibi tí mo bá dé, wọ́n ti mọ̀. Ìwọ nìkan lo kù tó rò pé ó wà láyé. Mo fẹ́ kó wà níbì kan."

Ó fi etí híjáàbù nu ojú.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun, ó wá kí mi nílé. Kò jókòó. Ó dúró níwájú àpótí gíláàsì títí. Ó ní Ọ́síkà ti jẹun kánú, pé ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Òótọ́ ni, ó ti ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ igi tí mo gbẹ́ fún èkejì.

"Ẹja yìí máa ń pẹ́ láyé, Baba. Ó lè pẹ́ ju Ọ́síkà lọ dáadáa." Ó wò mí, ó sì rọra béèrè. "Lọ́jọ́ iwájú, ta ni yóò máa gbé omi wọn?"

Mo ní ti Sátidé ọ̀la, èmi ni.