Pleeti Tí Tíṣà Wí

"Má rò ó! Gbé omorógùn yẹn kúrò! Wò ó, ó ti ń ya!"

Ìyá arúgbó tó ń se ẹ̀kọ tà níwájú ilé wa ní Isuada ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ mi, bí ẹni pé olè wọlé. Oòrùn ò tíì yọ. Igi tútù ń rú èéfín, òórùn ògì kíkan gba gbogbo ojúlé. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo ti wọ yunifọ́ọ̀mù, mo ń sunkún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fa ẹkún. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, tíṣà wa ní orí pleeti ni ilẹ̀ ayé wà, pé àwọn pleeti náà sì ń rìn. Ó ní kí n wá yà á sójú bọ́ọ̀dù. Mo ya abọ́ tánganran kan, mo fi òdòdó sí etí rẹ̀ bíi ti ìyá mi, mo wá gbé ayé lé e bí òkèlè iyán. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi tọ̀ sára. Ó tọ́ sí i. Tíṣà ní tí mi ò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, màá padà sí kíláàsì kẹrin. Kíláàsì kẹrin kẹ̀, níbi tí wọn ò ti ga ju ìgbáròkó mi lọ!

"Abọ́ ta ni wọ́n gbé ayé sí?" Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá arúgbó náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ sì kọjú sí kíláàsì jọ́gíráfì. Kò kàwé rí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti gba sáàtífíkéètì.

Ó fa igi méjì kúrò nínú ààrò, iná rọlẹ̀. Ẹ̀kọ ń mí pùú, pùú, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bo ojú rẹ̀.

"Awọ yìí ni pleeti tí tíṣà rẹ ń wí. Àpáta ni ti ayé. Ooru abẹ́ ló ń mú un rìn."

Mo na omorógùn sí i, ìgbà náà ló pariwo mọ́ mi, mo bá gbé e kúrò, mo tẹjú mọ́ awọ náà. Láàárín ìkòkò, awọ ya sí méjì, ẹ̀kọ gbígbóná yọ láti abẹ́, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, òun náà di awọ.

"Bí ilẹ̀ tuntun ṣe ń yọ nísàlẹ̀ òkun nìyẹn."

Létí ìkòkò, awọ kan wọ abẹ́ èkejì bí ọmọ tó rí pàṣán. Méjì mìíràn forí gbárí, kò sẹ́ni tó fẹ́ yẹ̀, ni wọ́n bá hunjọ.

"Òkè ńlá nìyẹn! Agídí ló ń bí òkè."

Mo ti gbàgbé ẹkún, mo ń fò sókè. "Màmá, àwọn tó ń fara ra ara wọn kọjá ńkọ́?"

"Háà, àwọn ìyẹn! Wọ́n á há mọ́ra, wọ́n á há, ọjọ́ tí wọ́n bá já gbà..." Ó fi omorógùn gbá etí ìkòkò, ẹ̀kọ mì tìtì. "Ilẹ̀ á mì."

"Ṣé ilé wa máa wó?"

"Àárín awọ làwa wà, etí rẹ̀ jìnnà sí wa. Bí èékánná ṣe ń hù ló sì ń rìn. Ìwọ ọmọ yìí, máa lọ sílé-ìwé, o ti fẹ́ jẹ́ kí ẹ̀kọ mi dì!"

Mi ò ya nǹkan kan sójú bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi ṣe awọ: mo yà wọ́n, mo ki ọ̀kan bọ abẹ́ èkejì, mo fi wọ́n kọlu ara wọn, mo fi wọ́n ra ara wọn títí wọ́n fi ta. Bí mo ṣe dárúkọ ẹ̀kọ, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹlẹ́kọ ni, sà."

Ó ní kí n lọ jókòó sáyè mi ní kíláàsì karùn-ún.

Mi ò kàwé jìnnà lẹ́yìn ìyẹn. Símẹ́ńtì àti táìlì ni mò ń tà ní Ọ̀wọ̀ báyìí, àwọn ọmọ poli sì máa ń wá da gẹ̀ẹ́sì ńlá bò mí. Màá ní, "Ẹnjiníà, fọwọ́ ṣe é kí n rí i." Èyí tó mọ̀ ọ́n á gbọ́wọ́ sókè, á fi ṣe é. Èyí tí ò mọ̀ ọ́n á tún wá gẹ̀ẹ́sì mìíràn. Mi ò mọ orúkọ ìyá arúgbó yẹn títí ó fi kú, ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni orúkọ nǹkan ò ti bà mí lẹ́rù mọ́. Ohun tí nǹkan ń ṣe ni mo máa ń bèèrè.