Wọn Ò Jẹ́ Kí N Pa Browser

Èmi náà ni wọ́n tún ń dá lẹ́bi o. Ó ti sú mi.

Aunty mi, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ra laptop tuntun. Wọ́n fẹ́ fi èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sílé nínú dúrọ́ọ̀mù, Saturday kan náà làwọn tó ń kó ẹrù lọ sílé ń bọ̀ wá gbé e. Gbogbo password wọn, inú browser ló wà, wọn ò mọ ọ̀kankan lórí. Èyí tí wọ́n fi ń mú shift, ìyẹn àsìkò iṣẹ́, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó gan-an, browser ló mọ̀ ọ́n. Ìrọ̀lẹ́ Saturday ni ọ́fíìsì wọn sì ń pín shift.

Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn kó password yẹn sórí laptop tuntun. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí, laptop tèmi ni mo ń bà jẹ́ tí mo ń tún ṣe títí ó fi yé mi. Inú folder kan tí wọ́n ń pè ní profile ni browser ń kó password sí. Ẹ copy ẹ̀, ẹ gbé e sínú browser orí laptop tuntun, ó parí. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa browser. Tó bá ṣí sílẹ̀, ó ṣì ń kọ nǹkan síbẹ̀, èyí tẹ́ ẹ copy lè má pé.

Mo dé flat wọn lẹ́yìn òpópónà Rye Lane nílùú òyìnbó níbí, Aunty ti wọ sùtánà, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú laptop. Ìsìn ń lọ nínú browser.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ pa á."

"Wòlíì ń gbàdúrà lọ́wọ́, o fẹ́ pa á?"

"Ẹ fi phone wò ó."

"Phone kéré, mi ò ní rí ojú wọn. Máa kó tìẹ, jẹ́ n gba tèmi."

Odidi wákàtí kan, Wòlíì ò tíì ṣe àmín. Àwọn tó ń kó ẹrù ti ń tẹ bell. Mo bá copy ẹ̀ bẹ́ẹ̀, browser ṣì ṣí sílẹ̀. Mo ní, "Aunty, ó lè má pé o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dán an wò."

"Á pé lórúkọ Jésù."

Wọ́n gbé laptop sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n dé e, ó lọ. Mo ṣí browser tuntun, kò sí password kankan níbẹ̀. Ká tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lọ́fíìsì ní Monday, wọ́n ti pín shift tán.

Sunday tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, lójú gbogbo ìjọ, Aunty ní, "Ọmọ yìí ló gba shift lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ tí ò kọ́ ló ń ṣe."

Màmá mi ti ń fún ọwọ́ mi pọ̀ pé kí n gbẹ́nu dákẹ́. Mo ní, "Aunty, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n pa á. Ẹ bi Wòlíì."

Ni àwọn èèyàn bá ní mo rí Aunty fín, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ó rẹ̀ mí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa dákẹ́?